Fóònù màmá mi ti di ìgbín, mo fẹ́ dà á padà sí bó ṣe jáde nínú páálí

Ọmọ Alátà, Kábà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́.

Ọ̀rọ̀ fóònù màmá mi ni mo gbé wá. Tecno ni, ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti ń lò ó. Ó ti wá di ìgbín. Bí wọ́n bá tẹ nọ́ńbà ẹni tí wọ́n fẹ́ pè, ẹ ó gún iyán tán kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìpolówó tẹ́tẹ́ àti ti oògùn ń já lójú ẹ̀ láìsí ẹni tó pè é. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àárín ìwàásù ló ti fi ohùn obìnrin kan ké jáde, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú padà. Ojú ti màmá débi pé wọ́n ní kí n lọ sọ ọ́ sínú kànga.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kàn fọ́máàtì ẹ̀, pé á dà bíi tuntun. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé nọ́ńbà àwọn oníbàárà wọn ò ní lọ? Ata gbígbẹ ni wọ́n ń tà, nọ́ńbà gbogbo àwọn tó jẹ wọ́n lówó ló wà nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Tíṣà Ìjùmú

Okun, àbúrò. Má tíì fọ́máàtì nǹkan kan. A kì í wó ilé nítorí eku.

Kọ́kọ́ wọ “Settings”, kí o lọ sí “Storage”. Bí àyè tó kù kò bá tó gígábáìtì méjì, ibẹ̀ ni ìgbín ti wọlé. Fóònù àwọn ìyá wa, fọ́tò “ẹ kú òwúrọ̀” àti fídíò inú gúrúùpù WhatsApp ló sábà ń kún inú ẹ̀. Pa ìwọ̀nyẹn rẹ́ kí o wò ó bóyá ara á tù ú.

Ní ti ìpolówó tó ń já wọlé, áàpù kan ló wà nídìí ẹ̀. Tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń pa fóònù mọ́lẹ̀ títí tí “Power off” á fi jáde, kí o wá fi ìka tẹ “Power off” yẹn fúnra ẹ̀ pẹ́. Á bi ọ́ bóyá o fẹ́ “Safe mode”. Gbà á. Fóònù á kú, á tún tàn, àwọn áàpù tó bá a wá láti páálí nìkan ló máa ṣiṣẹ́. Bí ìpolówó bá dáwọ́ dúró níbẹ̀, a ti mọ̀ pé nǹkan tí ẹnì kan gbé sínú ẹ̀ ló ń dà á láàmú. Yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó ń pe ara wọn ní tọ́ọ̀ṣì, tàbí àwọn tó ní àwọn á fọ fóònù mọ́. Àwọn tó ní àwọn ń fọ̀ yìí ló ń dọ̀tí jù.

Ẹnjiníà Ìdí Ọjà

Tíṣà sọ̀rọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n bí ìpolówó bá ti ya wèrè tó èyí tó ń ké nínú ṣọ́ọ̀ṣì, èmi á fọ́máàtì ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀, torí wọ́n ti fi gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Fọ́máàtì, èyí tí fóònù fúnra ẹ̀ ń pè ní factory reset, ni kí fóònù nu gbogbo ohun tí ẹ fi ọwọ́ yín kó sínú ẹ̀ kúrò: áàpù, fọ́tò, nọ́ńbà, áláàmù, orúkọ Wi-Fi, gbogbo ẹ̀. Ẹ lè ṣe é nílé, kọ́bọ̀ kan ò ní jáde. Fláàṣì ni kí a fi okùn so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí a wá gbé ètò tó ń darí ẹ̀ síbẹ̀ lọ́tun. Èyí tó kọ̀ tí kò tàn mọ́, tó kàn ń fi orúkọ ilé iṣẹ́ hàn tó tún ń kú, ìyẹn ló ń wá fláàṣì. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó fláàṣì torí pé fóònù ń falẹ̀, àpò yín ló ń wò.

Fọ́máàtì kì í sì í ṣe agbo jẹ̀díjẹ̀dí. Bátìrì tó ti wú kò ní fọn. Ẹnu ṣájà tó ti là kò ní dì. Bí fóònù bá sì ti gba update sí Android tuntun, kò ní padà sí ti àtijọ́ tó bá a wá láti páálí. Orí ti tuntun náà ló máa wà, á kàn ṣófo ni.

Ìbéèrè tèmi nìyí o, òun ló ṣe pàtàkì jù: Gmail ta ló wà lórí fóònù màmá? Ta ló mọ password ẹ̀?

Mo ń béèrè nítorí pé láti ọdún 2015, nígbà tí Android 5.1 jáde, Google ti fi àgádágodo kan sínú fóònù nítorí àwọn olè. Bí wọ́n bá fi bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ fóònù fọ́máàtì ẹ̀ nígbà tí Gmail ṣì wà lórí ẹ̀, bó bá tàn tán, á ní kí ẹ fi Gmail tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wọlé. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ti ra dígí tí ẹ ó máa fi wo ojú. Lójúmọ́ tó mọ́, nínú fóònù mẹ́wàá tí wọ́n bá gbé wá bá mi pé “a fọ́máàtì ẹ̀, kò ṣí mọ́”, kò sí ti olè níbẹ̀. Ti àwọn màmá ni, ti àwọn bàbá ni. Ẹni tó ta fóònù ló bá wọn ṣí Gmail lórí ìdúró, ó tẹ ohun tó wù ú, ó gbowó, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọmọ Alátà, Kábà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo bi màmá. Wọ́n ní kí ló ń jẹ́ Gmail. Ọmọ tó ta fóònù fún wọn ló tẹ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn kàn ń fi ìka ṣí i ni láti ọjọ́ náà wá. Mo máa wò ó bí mo bá dé ilé lálẹ́.

Àǹtí Mọ̀pà

Àbúrò, kí o tó dé ilé, gbọ́ tèmi lórí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà, torí ó ti kàn mí rí.

Nọ́ńbà inú fóònù, ibi mẹ́ta ló lè wà. Ó lè wà lórí síìmù, ó lè wà nínú fóònù fúnra ẹ̀, ó sì lè wà lórí Gmail. Ti síìmù, fọ́máàtì ò kàn án. Ti Gmail, bí ẹ bá padà wọlé pẹ̀lú Gmail yẹn, wọ́n á rọ́ wá bí eṣú. Ti inú fóònù nìkan ló ń kú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, gbogbo wọn jọ tò sójú kan náà ni. Lọ́dún tí mo fọ́máàtì tèmi, gbogbo nọ́ńbà àwọn ẹgbẹ́ àjọ wa ló lọ, nọ́ńbà ọkùnrin kan tí mi ò fẹ́ rí mọ́ láyé mi ló kù gbọingbọin lórí síìmù.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà nìyí: ẹ ṣí “Contacts”, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Export” sí. Lórí fóònù mìíràn abẹ́ “Fix & manage” ló wà. Á di gbogbo nọ́ńbà sínú fáìlì kan ṣoṣo. Ẹ fi fáìlì yẹn ránṣẹ́ sí fóònù ẹlòmíràn lórí WhatsApp. Bí fọ́máàtì bá tán, kí ẹni náà fi í ránṣẹ́ padà, ẹ tẹ̀ ẹ́, gbogbo nọ́ńbà á wọlé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì.

Ọ̀rọ̀ WhatsApp tún yàtọ̀. Wọ “Settings” inú WhatsApp, kí o lọ sí “Chats”, lẹ́yìn náà “Chat backup”. Wo Gmail tí wọ́n kọ síbẹ̀ àti ọjọ́ tó ti fi nǹkan pamọ́ kẹ́yìn. Ti ọ̀gá mi, ọjọ́ tó kẹ́yìn jẹ́ ti ọdún méjì sẹ́yìn, torí àyè gígábáìtì 15 tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ti kún. Bí nǹkan bá kún, kì í pariwo, ó kàn ń dákẹ́ ni. Nọ́ńbà kan náà àti Gmail kan náà ni ẹ gbọ́dọ̀ fi padà wọlé kí ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó lè bọ̀.

Bọ̀dá Lọ́kọ́jà

Ẹ jẹ́ kí n sáré fi ti báńkì kún un. Ẹ má fọ́máàtì fóònù tó ní áàpù báńkì lórí ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Lójú báńkì mi, fóònù tí a ti fọ́máàtì, àjèjì ni. Ó ní kí n tún ya fọ́tò ojú mi, kí n tẹ nọ́ńbà káàdì, ó kọ̀ títí ọjọ́ Ajé. USSD ni mo fi jẹun ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ náà. Ẹ sì rí i pé síìmù tó ń gba ọ̀rọ̀ báńkì wà lọ́wọ́ yín tó ń ṣiṣẹ́, torí gbogbo kóòdù ibẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀ sí.

Ẹni tó bá ń lo Authenticator, áàpù tó ń fúnni ní kóòdù ìwọlé, láti wọ ibi iṣẹ́ tàbí yunifásítì, ẹ kó o lọ sórí fóònù mìíràn kí ẹ tó nu ti ìṣáájú. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má bi mí.

Ahunṣọ Bùnú

Ẹ ṣọ́ra fún mẹ́mọ́rì káàdì o.

Màmá mi àgbà ń hun aṣọ ipò, aṣọ pupa tí ẹ mọ̀ nílẹ̀ Bùnú yẹn. Mo ti ya wọ́n nídìí òfì ju ọgọ́rùn-ún fọ́tò lọ, láti orí òwú títa dé ìgbà tí wọ́n gé aṣọ kúrò. Mo kó gbogbo ẹ̀ sórí mẹ́mọ́rì káàdì, torí ẹnì kan ní fọ́máàtì kì í kan káàdì. Òótọ́ ni, kì í kàn án. Ohun tí ẹni náà kò bi mí ni bí mo ṣe fi káàdì náà sínú fóònù. Lọ́jọ́ tí mo rà á, fóònù bi mí bóyá kí òun lò ó bí ara òun, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí mo fẹ́ àyè púpọ̀. Bí mo ṣe gbà bẹ́ẹ̀, ó tì í pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú fóònù nìkan. Nígbà tí mo fọ́máàtì, kọ́kọ́rọ́ yẹn bá a lọ. Káàdì wà lọ́wọ́ mi títí di òní, ó mọ́ tónítóní, kò sí ẹ̀rọ kankan láyé tó lè kà á.

Màmá àgbà ò hun mọ́ báyìí, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Nítorí náà, ẹ kó fọ́tò lọ sórí kọ̀ǹpútà, tàbí fóònù ẹlòmíràn, tàbí Google Photos, kí ẹ sì ṣí méjì mẹ́ta wò níbẹ̀ kí ẹ tó tẹ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ síìmù, ẹ yọ káàdì, ẹ kó wọn sínú abọ́ kan.

Ọmọ Alátà, Kábà

Ẹ gbà mí o.

Mo ṣe ohun tí Tíṣà sọ, mo tẹ “Safe mode”. Fóònù kú, ó tún tàn. Màmá gbé ìka lé e bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó kọ̀. Ó ní PIN lòun ń fẹ́, pé nígbà tí òun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, òun kì í gba ìka. Kò sí ẹni tó mọ PIN! A gbìyànjú ọjọ́ ìbí màmá, a gbìyànjú 1234, a gbìyànjú ọdún tí bàbá kú. Ó ní kí a dúró ìṣẹ́jú kan, ó tún ní kí a dúró pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ni inú bá bí mi. Mo wo fídíò kan, mo pa fóònù, mo tẹ bọ́tìnnì ìtanná pọ̀ mọ́ èyí tí a fi ń mú ohùn lọ sókè. Àwòrán róbọ́ọ̀tì kan yọ tó dùbúlẹ̀ gbalaja bí ẹni tó mutí yó, wọ́n kọ “No command” sábẹ́ ẹ̀. Mo di bọ́tìnnì ìtanná mú, mo fọwọ́ kan ti ohùn òkè lẹ́ẹ̀kan, ìwé jáde lóríṣiríṣi. Mo fi bọ́tìnnì ohùn rìn dé “Wipe data/factory reset”, mo fi ti ìtanná yàn án. Ó parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Inú mi dùn.

Ó wá tàn. Mo fún un ní Wi-Fi. Ó ní kí n fi Gmail tó wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ wọlé.

Mo mọ̀ pé Ẹnjiníà sọ ọ́. Ẹ máà tíì bú mi, màmá ti ń bú mi lọ́wọ́.

Tíṣà Ìjùmú

Háà. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀, mo bẹ màmá. Fóònù tèmi, PIN ni mo fi ń ṣí i lójoojúmọ́, kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ẹni tó ń fi ìka ṣí i lè má mọ PIN tó wà lẹ́yìn ìka. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ béèrè PIN lọ́wọ́ òbí yín kí ẹ tó pa fóònù wọn.

Aláṣẹ Gbogbo

Ọ̀rọ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Gbé e wá Lọ́kọ́jà, mo ní áàpù tó ń fò ó. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ péré.

Ẹnjiníà Ìdí Ọjà

Ọmọ Alátà, má gbé e lọ síbì kankan. Fóònù tí wọ́n bá fi ọ̀nà ẹ̀yìn ṣí, o ò mọ ohun tí wọ́n tún gbé sínú ẹ̀, ìpolówó tí o ń sá fún lè jẹ́ ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìdí kejì ni pé tí o bá fún un lówó, nọ́ńbà àwọn oníbàárà màmá ò ní padà wá, torí inú Gmail yẹn ló ṣeé ṣe kí wọ́n wà. Gmail náà ni ká wá.

Ṣé síìmù tí màmá ń lò lónìí ni wọ́n lò lọ́jọ́ tí wọ́n ra fóònù? Bó bá jẹ́ òun ni, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ta fóònù, nọ́ńbà síìmù tó wà nínú fóònù ni wọ́n sábà ń fi ṣí Gmail.

Fi síìmù màmá sínú fóònù tìrẹ. Lọ sí ojú ìwé tí Google fi ń wọlé, tẹ “Forgot email?”. Á ní kí o tẹ nọ́ńbà fóònù, tẹ ti màmá. Lẹ́yìn náà á béèrè orúkọ tó wà lórí Gmail náà, orúkọ àkọ́kọ́ àti ti ìdílé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, torí orúkọ tí ọmọ yẹn tẹ̀ lo gbọ́dọ̀ tẹ̀, kì í ṣe orúkọ tí bàbá màmá sọ wọ́n. Bí ó bá ti bá a mu, wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́ sórí síìmù, ìwọ á wá rí Gmail náà. Tẹ “Forgot password?” lẹ́yìn ìyẹn, yí password padà.

Bí o bá wá yí password tán, DÚRÓ. Má sáré lọ tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Google ní kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí password padà fi wákàtí 24 sílẹ̀ kí ó tó lò ó lórí fóònù tí a fọ́máàtì. Ọ̀pọ̀ ló ti kánjú níbẹ̀ tí wọ́n rò pé password kò ṣiṣẹ́, wọ́n tún yí i, wákàtí náà tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo.

Bí ọ̀nà yìí bá kọ̀ pátápátá, wá rìsíìtì àti páálí fóònù. Nọ́ńbà IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, wà lára páálí. Ibi tí àwọn tó ṣe fóònù ti ń tọ́jú ẹ̀ ni kí o gbé gbogbo ẹ̀ lọ, pẹ̀lú màmá fúnra wọn.

Ahunṣọ Bùnú

Kí ó rántí pé íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo àkókò yẹn o. Lọ́dọ̀ wa níbí, mo gun òkè lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí tèmi tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí á fi jẹ́ kí n kọjá ojú ìwé àkọ́kọ́. Ewúrẹ́ ló bá mi parí ẹ̀.

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ta iPhone ẹ̀ fún mi. Ṣé bákan náà ni?

Bọ̀dá Lọ́kọ́jà

Ẹ̀gbọ́n ni àbí ìbátan ni, àgádágodo ti Apple ò mọ ẹ̀gbọ́n. Láti iOS 7 ní 2013 ló ti wà. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ jókòó tì ọ́, kí wọ́n wọ “Settings”, “General”, “Transfer or Reset iPhone”, kí wọ́n yan “Erase All Content and Settings”. Á béèrè password Apple wọn kí ó lè pa “Find My”, ètò tí a fi ń wá iPhone tó sọnù, tí àgádágodo náà so mọ́. Ojú ẹ ni kí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Bí fóònù bá tún tàn tó ń kí ọ ní “Hello” tí kò béèrè password ẹnikẹ́ni, ìgbà yẹn ni kí o tó yọ owó. Ti tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, Android o, iPhone o, bákan náà ni kí o ṣe é. Kí o sì tẹ *#06#, kí o fi nọ́ńbà tó jáde wé èyí tó wà lára páálí.

Tíṣà Ìjùmú

Ẹni tó ń ta tiẹ̀ máa ń bẹ̀rù pé ẹni tó rà á á lọ hú fọ́tò òun jáde. Lórí àwọn fóònù tó jáde pẹ̀lú Android 10 sókè, gbogbo nǹkan inú ẹ̀ ló ti wà ní títì pa láti ìbẹ̀rẹ̀, fọ́máàtì sì ń pa kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ run, bíi ti káàdì Ahunṣọ. Kò sí ohun tí wọ́n máa hú. Àwọn tó ti gbó gan-an ni kí ẹ ronú sí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ṣì lè wọ inú fóònù yín, ẹ má lọ sídìí bọ́tìnnì bíi ti Ọmọ Alátà. Lórí Tecno àti Infinix, “Settings”, “System”, “Reset options”, “Erase all data”. Lórí Samsung, “General management” ló wà, ẹ wá “Reset”. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó nu nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ibi tí wọ́n kọ “Accounts” sí, kí ẹ yọ Gmail kúrò lórí fóònù náà. Kì í pa Gmail fúnra ẹ̀ rẹ́, ó kàn ń já okùn tó so òun àti fóònù pọ̀ ni. Kí bátìrì kún dé ìdajì ó kéré tán, tàbí kí ẹ fi sórí iná. Àwa tí iná wa ń ṣe wá-ń-lọ, ẹ gbà á kún pátápátá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí Mọ̀pà

Bàbá mi àgbà náà gbọ́ tí a ń sọ ọ́, wọ́n ní kí ẹ fọ́máàtì Nokia tọ́ọ̀ṣì tàwọn. Kí ló ṣe é? Wọ́n ní ó ń dún jù.

Ẹnjiníà Ìdí Ọjà

😂 Ẹ dín ohùn ẹ̀ kù fún bàbá, àǹtí. Nokia àtijọ́, *#7370# ló ń fọ́máàtì ẹ̀, 12345 ni kóòdù tó bá a wá bí wọn ò bá tíì yí i. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sí bàbá létí.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn kóòdù tí wọ́n ń tò kiri lórí WhatsApp, ẹ má kàn máa tẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé lórí àwọn Samsung àtijọ́, bí ẹ bá ti tẹ àmì ìkẹyìn báyìí, fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í nu ara ẹ̀ nìyẹn, kò bèèrè “ṣé ó dá ẹ lójú”.

Ọmọ Alátà, Kábà

Ẹ kú àdúrótì. Àbọ̀ rèé.

Síìmù náà ni wọ́n lò lọ́jọ́ yẹn, Ẹnjiníà. Mo fi sínú fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ. Mo tẹ orúkọ màmá bó ṣe wà lórí NIN, kò sí. Mo tẹ orúkọ ìsàmì pẹ̀lú orúkọ bàbá, kò sí. Mo tẹ tèmi, bóyá wọ́n dárúkọ àkọ́bí. Kò sí. Mo ti fẹ́ sùn nígbà tí àbúrò mi obìnrin ní, “Báwo ni ọmọ yẹn ṣe ń pe màmá lọ́jọ́ náà?” Màmá ní ó ń pe àwọn ní Mama Alata. Mo tẹ “Mama” síbi orúkọ àkọ́kọ́, “Alata” síbi ti ìdílé. Kò sí. Mo tẹ “Mama” àti “Kabba”, b méjì.

Kóòdù dún wọlé.

Mo yí password padà. Mo kọ ọ́ sí inú ìwé tí màmá ń kọ gbèsè sí, ojú ewé àkọ́kọ́, torí ìwé yẹn kò lè sọnù lọ́wọ́ wọn láéláé. Mo kọ PIN tuntun sí abẹ́ ẹ̀. Mo wá gbé fóònù sórí àpótí, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án di irọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Màmá ní ṣé fóònù ń ṣe ìsìmi ni.

Lánàá, nígbà tí wákàtí pé, mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Nọ́ńbà 212 ló rọ́ padà wá. Fọ́tò kò padà rárá, kò sẹ́ni tó tan Google Photos fún wọn, ti ìgbéyàwó àbúrò mi ló dùn wọ́n jù nínú ẹ̀. Mo ti ń bẹ àwọn ẹbí kiri kí wọ́n fi tiwọn ránṣẹ́. WhatsApp wọlé ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtijọ́ ò sí níbẹ̀. Áàpù mẹ́rin péré ni mo dá padà, mi ò fi tọ́ọ̀ṣì kankan síbẹ̀. Láti àná, ìpolówó kankan ò tíì já.

Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè ni oníbàárà kan ní Ọ̀bájànà tó jẹ wọ́n lówó báàgì ata méjì. Ó dún kíá.